Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tí Ó Lọ Wo Ahoro Tadmori

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá ka ohun tí àwọn arìnrìn-àjò kọ nípa ìlú àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Tadmori. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ mọ Bíbélì yín dáadáa, ẹ ó ti bá orúkọ náà pàdé nínú Ìwé Kíróníkà Kejì, orí kẹjọ, níbi tí wọ́n ti ka àwọn ìlú tí Ọba Sólómọ́nì kọ́. Wọ́n ní inú aginjù ni ó wà. Inú aginjù náà ni ó wà títí di òní olónìí, ní ilẹ̀ Síríà. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Palmyra, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ibẹ̀ kò fi orúkọ baba wọn tọrẹ: Tadmur ni wọ́n ṣì ń pè é. Kódà, ìlú náà dàgbà ju Sólómọ́nì lọ. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n hú jáde ní ìlú Mari, létí odò Yúfírétì, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sì ni wọ́n ti kọ wàláà wọ̀nyí kí wọ́n tó bí Sólómọ́nì.

Èmi kò tíì fi ẹsẹ̀ mi tẹ Tadmori. Ìwé àti ìròyìn àwọn tí ó dé ibẹ̀ ni mo ń kà, àwòrán wọn ni mo ń wò, àwọn ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bi mí pé kí ló kan ẹni tí kò dé ibẹ̀, èsì mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó jẹ ọbẹ̀ ló mọ adùn rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń ròyìn ọbẹ̀ náà fún lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bóyá ẹran wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí mo sì ní fún gbogbo àwọn àlejò Tadmori nìyí: nígbà tí ẹ débẹ̀, ta ni ẹ bá nílé?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìlú tí à ń sọ. Omi ló dá a sílẹ̀. Orísun omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Efqa, omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń rùn bí imí-ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ aginjù bá ń gbẹ kì í yan omi. Ìlú náà wà ní agbedeméjì odò Yúfírétì àti àwọn ìlú etí òkun Mẹditaréníà. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà láti ìhín sí ọ̀hún lè gba apá àríwá níbi tí odò àti abúlé wà, kí ó rìn yípo títí ẹsẹ̀ yóò fi wú. Tàbí kí ó la aginjù kọjá tààrà. Àwọn ará Tadmori ló mọ aginjù. Àwọn ló ní ràkúnmí, àwọn ló ní tafàtafà tí ń ṣọ́ èrò, àwọn ló sì mọ olórí darandaran tó yẹ kí èèyàn bá dọ́rẹ̀ẹ́ kí ọ̀nà lè dára. Wọ́n ń lọ títí dé Yúfírétì, wọ́n ń bá odò náà lọ sí etí òkun lápá gúúsù, níbi tí ọkọ̀ ti ń ṣí lọ sí Íńdíà. Nínú ibojì wọn ni wọ́n ti rí aṣọ sẹ́dà tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá.

Láàárín 200 ọdún tó tẹ̀lé ìbí Jésù ni owó wọlé fún wọn jù. Wọ́n fi owó náà kọ́ tẹ́ḿpìlì fún òrìṣà wọn tí ń jẹ́ Bel, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní ọdún 32. Wọ́n to òpó òkúta sí ẹ̀gbẹ́ títì wọn, ó gùn ju kìlómítà kan lọ. Ayaba wọn, Zenobia, tilẹ̀ gba Íjíbítì mọ́ Róòmù lọ́wọ́. Àmọ́ ní ọdún 272, Olú-ọba Aurelian ṣẹ́gun rẹ̀. Nígbà tí ìlú tún ṣọ̀tẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kó o, ó sì bà á jẹ́. Ìlú náà kò kú tán o, ṣùgbọ́n ọjà ńlá ti sá lọ.

Ìyẹn ni ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ́dọ̀ àwọn àlejò.

Àlejò tí gbogbo àwọn yòókù ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Robert Wood. Ní oṣù Kẹta ọdún 1751 ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, James Dawkins, pẹ̀lú ayàwòrán ará Ítálì kan, Giovanni Battista Borra, wọ Tadmori. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n lò. Nígbà tó di 1753, ìwé wọn jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, àwòrán ńláńlá 57 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já lu ìwé yìí bí èrò ṣe ń já lu àkàrà gbígbóná. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti wo ọnà tí wọ́n ṣe sí àjà ilé wọn. Irú àjà bẹ́ẹ̀ wà ní ilé Osterley nítòsí Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.

N kò ní fi ẹ̀tọ́ du ẹlẹ́tọ̀ọ́. Iṣẹ́ gidi ni Wood àti Borra ṣe. Wọ́n wọn òpó, wọ́n wọn ilẹ̀kùn, wọ́n ya ọnà ara òkúta bí ó ṣe rí gan-an, nígbà tí àwọn mìíràn ń fi ẹnu lásán ròyìn. Lónìí tí wọ́n ti fi ohun abúgbàù fọ́ tẹ́ḿpìlì Bel, ìwé náà wà lára ohun tí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí yóò kọ́kọ́ ṣí. Ìwé tó bá ṣe wá lóore lẹ́yìn 260 ọdún kì í ṣe ìwé yẹpẹrẹ.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ í bá a rò. Wood kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé àwọn ará abúlé ní ahéré wọn nínú àgbàlá tẹ́ḿpìlì. Ìyẹn ni pé ó bá onílé nílé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó kan àwọn onílé yìí. Òpó ló ni ìwé. Ẹni tó bá ka ìwé náà tán yóò mọ bí òpó ṣe ga tó, kò ní mọ orúkọ ẹni tó bu omi fún wọn mu. Àṣà tí ó dá sílẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti lọ sí Tadmori, òpó ni yóò ròyìn, oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn òpó ni yóò yìn, yóò sì wá kẹ́dùn lórí bí ògo ayé ṣe ń kọjá lọ. Ó tán! Bí ẹ bá ti ka ọ̀kan, ẹ ti ka ogún.

Ẹ sì gbọ́ ná, ta ló lówó tí wọ́n fi rin ìrìn àjò yẹn? Dawkins ni. Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí, olóko ìrèké sì ni ìdílé rẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń ro oko náà. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wa wà nínú owó tí wọ́n fi wọn òpó Tadmori. N kò sọ èyí kí a lè sun ìwé náà níná. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹni tí ń kẹ́dùn lórí òkúta tó ṣubú, tí kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí oúnjẹ òun ti wá, ìdajì ẹ̀kọ́ ló kọ́.

Ẹ̀gàn mìíràn tún wà tí mo ní fún àwọn olùyìn òpó: wọn kò mọ ohun tí òpó náà wà fún. Bí ẹ bá wo àwòrán àwọn òpó yẹn dáadáa, ẹ ó rí i pé òkúta kékeré kan yọ jáde lára ọ̀pọ̀ wọn, ní òkè, bí pẹpẹ tí èèyàn ń gbé nǹkan lé. Ère ni wọ́n ń gbé sórí rẹ̀. Ère ta ni? Ère àwọn tó ṣe ìlú lóore ni, tí ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ olórí oníṣòwò. Wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi bọlá fún olúkúlùkù sára òkúta. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Soados, ọmọ Boliades, tí wọ́n gbé irú ère bẹ́ẹ̀ fún nítorí pé ó ń ran àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ó sì gba èrò kan lọ́wọ́ àwọn olè aginjù. Èyí kò jìnnà sí ọdún 144. Nítorí náà, òpó tí àlejò ń pè ní ẹwà lásán, ìdúpẹ́ ni. Bí ìgbà tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà bá kó owó jọ láti fi yẹ́ ìyálọ́jà wọn sí ni. Òpó náà dúró, ère ti bọ́, orúkọ ṣì wà lára òkúta, àlejò sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń wo oòrùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni ìwé tó dára jù lọ nípa Tadmori, n kò ní pe Wood. Òkúta kan ni mo máa pè. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 137 ni ìgbìmọ̀ ìlú náà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́, ó gùn tó mítà 4 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, èdè méjì sì ni wọ́n fi kọ ọ́: èdè Gíríìkì àti èdè ìlú wọn. Owó bodè ló wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, owó tí oníbodè gbọ́dọ̀ gbà lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan!

Ìbẹ̀rẹ̀ òkúta náà dùn mọ́ mi ju àwòrán 57 lọ. Ìgbìmọ̀ ní òfin àtijọ́ kò dárúkọ ọ̀pọ̀ ọjà, bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni agbowó fi ń gbowó lórí wọn, ìjà sì ń ṣẹlẹ̀ ṣáá láàárín oníṣòwò àti agbowó. Nítorí náà, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e síta níbi tí tọmọdé tàgbà yóò ti rí i. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń gbé ẹrù wọ ọjà, ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ mọ ojú àwọn agbowó ojú títì, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí yín? Ó ti lé ní 1,880 ọdún tí wọ́n ti mọ̀ nínú aginjù pé bí iye owó kò bá sí lákọsílẹ̀, ìjà ni yóò bí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹrù gbígbẹ ràkúnmí kan, denari 3. Òróró olóòórùn dídùn tó wà nínú ìgò alabásítà, ẹrù ràkúnmí kan, 25 bí ó bá ń wọlé. Bí ó bá jẹ́ inú awọ ewúrẹ́ ni wọ́n rọ ọ́ sí, 13. Ẹja oníyọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn aṣẹ́wó pàápàá kò mú un jẹ: èyí tó bá ń gba denari kan lọ́wọ́ oníbàárà yóò san denari kan, èyí tí tirẹ̀ bá kéré yóò san kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ lo orísun omi méjèèjì ìlú yóò san 800 denari lọ́dún. Denari kan ni owó alágbàṣe ojúmọ́ kan nínú òwe ọgbà àjàrà tí Jésù pa, nítorí náà ẹ lè fi ìyẹn wọn àwọn iye wọ̀nyí fúnra yín. Ní ti ọjà tó bá ń ti àwọn abúlé abẹ́ ìlú wá, wọn kò gbowó lórí rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bọ́ ìlú kò yẹ kí ìlú tún bó o.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ sọ àwọn oníṣòwò yìí di áńgẹ́lì. Ẹrú kan tí wọ́n bá mú wọ ìlú, denari 22. Èèyàn wà nínú ìwé owó bí òróró àti awọ. Ẹni tó kọ́ tẹ́ḿpìlì ní ọdún 32 àti ẹni tó wá wọ̀n ọ́n ní 1751, owó wọn jọra ní ibì kan. Òkúta yìí kò fi ìyẹn pamọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́ ju àwọn ìwé lọ.

Ohun kan tún wà. Gbogbo àlejò ló ń sọ̀rọ̀ sẹ́dà. Sẹ́dà kò sí nínú òkúta owó bodè. Òróró, iyọ̀, awọ, ẹja, ẹran ọ̀sìn: ohun tí ilé ń jẹ àti ohun tí ilé ń lò ni. Ọjà òkèèrè mú orúkọ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà ojoojúmọ́ ni ìgbìmọ̀ ìlú jókòó lé lórí. Ìlú tó ń ṣe fáàrí sẹ́dà fún àlejò, ọ̀rọ̀ ẹja oníyọ̀ ni ó ń jà sí nílé.

Níbo ni òkúta náà wà báyìí? Kò sí ní Tadmori mọ́. Ọmọ-aládé ará Rọ́ṣíà kan, Abamelek-Lazarev, ló rí i ní 1881; wọ́n gé e, wọ́n gbé e lọ sí Rọ́ṣíà ní 1901, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hermitage ní ìlú St Petersburg. Bákan náà ni ojú àwọn òkú. Àwọn ará Tadmori máa ń gbẹ́ ojú òkú wọn sára òkúta tí wọ́n fi ń dí ibojì, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ baba rẹ̀. Obìnrin á wọ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin á di ìwé rẹ̀ mú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Glyptotek ní Copenhagen, ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, ni èyí tó pọ̀ jù lẹ́yìn Síríà wà. Nítorí náà, àlejò tó bá lọ sí Tadmori yóò rí òpó, ṣùgbọ́n iwé owó wọn wà ní Rọ́ṣíà, ojú wọn sì wà ní Dẹ́nmáàkì. Báwo ni kò ṣe ní dà bí ẹni pé kò sí èèyàn níbẹ̀ rí?

Àmọ́ àwọn ọmọ Tadmori náà ti ṣe àlejò rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀kan nínú wọn. Ní South Shields, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta ibojì kan wà tó ti lé ní 1,700 ọdún. Ọmọ Tadmori kan, Barates, ló gbé e kalẹ̀ fún aya rẹ̀, Regina, ọmọ ẹ̀yà Catuvellauni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹrú ni obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Barates dá a sílẹ̀, ó sì fi í ṣe aya. Ọgbọ̀n ọdún ló lò láyé. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ òkè, kò sì dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, wọ́n fi èdè Tadmori kọ ìlà kan tó mọ́ gaara: orúkọ aya, orúkọ ọkọ, àti igbe ẹ̀dùn. Ta ni yóò ka èdè yẹn nínú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Bóyá òun nìkan. Ẹni tó bá ń gbé ìlú òyìnbó, tó sì ti sọkún ní èdè ìyá rẹ̀ rí, yóò mọ ohun tí ìlà kan yẹn sọ. Àlejò tó fi ojú rẹ̀ ríran nìyẹn: kò ròyìn òkúta ìlú onílùú, èèyàn ni ó rí.

Ká padà sí Tadmori. Mo ti sọ pé Wood bá ahéré nínú àgbàlá tẹ́ḿpìlì. Báwo ni tẹ́ḿpìlì òrìṣà ṣe dúró láti ọdún 32 títí di ayé wa yìí? Nítorí pé àwọn èèyàn ń lò ó ni. Wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí, wọ́n sọ ògiri rẹ̀ di odi ogun, wọ́n kọ́ ilé sínú àgbàlá rẹ̀. Ilé tí èèyàn ń gbé kì í tètè wó. Àmọ́ nígbà tí àwọn Faransé ń ṣe alábòójútó ilẹ̀ Síríà, wọ́n fẹ́ kí tẹ́ḿpìlì mọ́ kí àlejò lè rí i dáadáa. Láti 1929 sí 1932 ni wọ́n kó àwọn ará abúlé kúrò, wọ́n kọ́ ìlú tuntun fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì wó ilé wọn lulẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Tadmori wá di ahoro tó pé pérépéré. Ahoro tí àwọn arìnrìn-àjò ń ròyìn pé aginjù ló dákẹ́ síbẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló mú un dákẹ́.

Ní 1980, àjọ UNESCO kọ orúkọ Tadmori mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún kan náà, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní ìlú kan náà, àwọn ọmọ ogun ìjọba Hafez al-Assad wọlé tọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn nínú yàrá wọn. Mustafa Khalifa, ọmọ Síríà tó ṣe ẹ̀wọ̀n níbẹ̀, ti kọ ìtàn nípa rẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé ní gbogbo àwọn ọdún yẹn, ọkọ̀ arìnrìn-àjò ń dé, wọ́n ń ya fọ́tò lábẹ́ òpó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kò sí nínú fọ́tò wọn. N kò bá àlejò kọ̀ọ̀kan wí, nítorí ẹni tó yọjú síbẹ̀ lè má padà sílé. Àṣà ni mo ń bá wí, àṣà tó kọ́ wa pé ibi àtijọ́ kò ní ará ìsinsìnyí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2015, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ. Àwọn agbébọn ISIS gba ìlú náà ní oṣù Karùn-ún. Wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n fọ́ tẹ́ḿpìlì Baalshamin àti ti Bel, wọ́n fọ́ ẹnu-ọ̀nà ńlá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, wọ́n bẹ́ orí Khaled al-Asaad. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí. Ọmọ Tadmori ni, ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Láti 1963 sí 2003 ni ó fi jẹ́ olórí àwọn tó ń tọ́jú ahoro náà. Ó kọ́ láti ka èdè àwọn baba ńlá ìlú rẹ̀ lára òkúta, ó sì sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Zenobia. Ìròyìn tó jáde nígbà náà ni pé wọ́n bi í ní ibi tí wọ́n kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pamọ́ sí, kò sọ. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ, òun nìkan ni kì í ṣe àlejò, òun náà ló sì san owó tó wọ́n jù. Ẹni tó bá ń ròyìn Tadmori tí kò dárúkọ rẹ̀, òpó ló lọ kà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, wọ́n gbé ẹ̀dà ẹnu-ọ̀nà tó fọ́ yẹn kalẹ̀ ní gbàgede Trafalgar ní Lọ́ńdọ̀nù. Máàbù láti Íjíbítì ni, ẹ̀rọ ló gé e ní Ítálì, kò tó ti gidi, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni. Àwọn tó ṣe é ní kí ayé lè mọ̀ pé a kò ní jẹ́ kí apanirun borí ni. Mo ti wo àwòrán rẹ̀ léraléra. Ó mọ́, ó dán, kò ní àpá kankan lára. Ibẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀ wà: òkúta tí kò sí ẹni tó fara tì í rí, tí ràkúnmí kò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí kò sí orúkọ olóore kankan lára rẹ̀. Ère ìwé Wood ni, kì í ṣe ère Tadmori. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, àwọn olórin ará Rọ́ṣíà lọ lu orin nínú tíátà àtijọ́ tó wà ní Tadmori, níbi tí àwọn ISIS ti jẹ́ kí àwọn ọmọdé yìnbọn pa ọmọ ogun Síríà 25. Wọ́n ní ìṣẹ́gun ni. Kí ọdún náà tó parí, ISIS tún gba ìlú padà, wọ́n sì fọ́ lára tíátà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, kí wọ́n tó lé wọn kúrò ní oṣù Kẹta. Orin kì í ṣọ́ ilé. Ará ilé ní í ṣọ́ ilé.

Láti ìgbà tí ìjọba Bashar al-Assad ti wó ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn àlejò ti tún ń yọjú sí Tadmori. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé kí wọ́n tún tẹ́ḿpìlì Bel kọ́, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lé e lórí. Èmi tí mo jẹ́ òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn lásán, ohun tí mo rí nínú gbogbo kíkà mi ni mo máa sọ. Tẹ́ḿpìlì yẹn kò fi òkúta dúró fún ohun tó lé ní 1,900 ọdún. Èèyàn ló fi dúró. Ìgbà tí wọ́n kó èèyàn kúrò nínú rẹ̀, kò lo 100 ọdún mọ́. Nítorí náà, ilé àwọn ará Tadmur tí bọ́ǹbù fọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún kọ́. Ibẹ̀ ni kí omi kọ́kọ́ dé. Nígbà tí onílé bá ti padà, tí ọjà bá ti ná, àwọn fúnra wọn yóò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òkúta baba wọn ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ óò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ wo òpó o, ẹ yìn ín, ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo pẹpẹ kékeré tó yọ jáde lára rẹ̀, kí ẹ béèrè ẹni tó dúró síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹja oníyọ̀. Bí ẹ bá sì ń padà bọ̀, ẹ mú orúkọ onílé kan bọ̀ fún wa, kí àwa tí a kò lè lọ lè mọ ẹni tí a ó kí.